Kẹ́mísírì ni mo kà: ṣé mo lè ka másítà nínú ìmọ̀ ilé-ìkàwé?

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n lè gbà mí?

Wọ́n lè gbà yín. Ní Yunifásítì Ìbàdàn àti níbi púpọ̀ ní Nàìjíríà, kò pọn dandan kí oyè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé-ìkàwé. Third class ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. PGD (díplọ́mà tí wọ́n ń kà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́) ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹni tó bá ní in kọ́kọ́ lọ gbà. Transcript, ìwé tó to gbogbo èsì ìdánwò yín, tún wà: yunifásítì tí ẹ ti jáde ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́, ó sì máa ń pẹ́. Ẹ béèrè fún un kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, kí ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ yín náà wà nítòsí.

Ìbéèrè: Kí ló le nínú títo ìwé tó fi gba oyè kejì?

Ẹ mú ìwé ẹsẹ Ifá kan. Nínú ètò Dewey, tó ń fi nọ́ńbà pín ìwé sí ìsọ̀rí, 299.68333 ni ẹ̀sìn Yorùbá, 896.3331 sì ni ewì Yorùbá (1 tó parí rẹ̀ ló sọ ọ́ di ewì, 2 ni eré oníṣe, 3 ni ìtàn àròsọ). Èwo lẹ máa fún un? Ohun tí ìwé náà ń fi ẹsẹ ṣe lẹ máa wò, ẹ má wo àkọlé nìkan. Bó bá ń ṣàlàyé ẹbọ àti ìdáfá, ẹ̀sìn ni. Bó bá ń tú ọnà èdè inú rẹ̀ palẹ̀, ewì ni. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́, ẹnì kan á fi apá kìíní sí ẹ̀sìn, ẹlòmíràn á fi apá kejì sí ewì, òǹkàwé tó rí ọ̀kan kò sì ní mọ̀ pé èkejì wà nínú ilé kan náà. Nítorí náà ni ilé-ìkàwé tó mọṣẹ́ fi ń kọ ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì wa, ètò Library of Congress (ilé-ìkàwé ńlá kan ní Amẹ́ríkà), tó ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà pín ìwé, ni wọ́n ń lò, PL8821 sì ni èdè Yorùbá níbẹ̀. Ẹ kọ́ méjèèjì. Ẹ gbìyànjú Koha náà, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń bójú tó iṣẹ́ ilé-ìkàwé. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n orí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ló ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè bọ́ sí PhD tààrà?

Ní Ìbàdàn, máàkì másítà yín ló máa sọ ọ́: 60% sókè ni PhD. 55 sí 59.9, MPhil/PhD, 50 sí 54.9, MPhil (oyè ìwádìí tó wà láàárín másítà àti PhD).

Ìbéèrè: Ṣé oyè nìkan tó láti fi ṣiṣẹ́?

Kò tó. Òfin ọdún 1995 ló dá LRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ilé-ìkàwé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn sì lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀. Ẹ wádìí bóyá wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kà kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ń wo Amẹ́ríkà, oyè tí ALA (ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìkàwé Amẹ́ríkà) fọwọ́ sí ni ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ibẹ̀ ń béèrè.