Ṣé òótọ́ ni pé bí ọ̀bẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, ṣe ló máa ń ràn káàkiri ara?

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án o! Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, kíá ló máa ràn." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé yanjú, ó sì máa ń bí mi nínú, torí mo mọ ohun tó ń tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Obìnrin tí kókó inú ọmú rẹ̀ ò ju hóró àgbàdo lọ á fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi tó ọsàn.

Kì í ṣe àwa nìkan. Lọ́dún 2003, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà: wọ́n bi àwọn aláìsàn léèrè bóyá afẹ́fẹ́ tó bá kan jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lásìkò iṣẹ́ abẹ ló ń mú un ràn. Nínú èèyàn 100, 38 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó tó 61.

Afẹ́fẹ́ yìí gan-an ni mi ò lè gbójú fò. Ẹ̀dọ̀fóró! Kí ló ń wọ ibẹ̀ tọ̀sán-tòru bí kì í bá ṣe afẹ́fẹ́? Jẹjẹrẹ ahọ́n ńkọ́? Èyí tó yọ sí awọ ara ní gbangba ńkọ́? Òpó ẹ̀jẹ̀ àti òpó omi ara tó ń gba abíyá àti ọrùn kọjá ni jẹjẹrẹ ń bá rìn, ibẹ̀ ló ń gbà dé egungun, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Kò dúró de ọ̀bẹ.

Wọ́n á ní, "Wọ́n la ẹ̀gbọ́n mi níkùn, kò lo oṣù méjì." Ó dùn mí, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara tó dé, lílà ni dókítà fi ń mọ ibi tí àrùn dé. Bó bá rí i pé ó ti gba gbogbo inú, á rán an padà. Iṣẹ́ abẹ ni ará ilé rí. Wọn ò rí ọdún tí jẹjẹrẹ ti lò nínú ara.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀ ṣá. Dókítà kì í gba awọ ẹpọ̀n gún kókó tí wọ́n bá fura sí nínú rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ìhà itan ni wọ́n ń gbà yọ odindi kóró ẹpọ̀n náà. Lọ́dún 2014, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń lọ fáíbúrọ́ìdì wẹ́wẹ́ nínú ikùn, torí wọ́n fojú bù ú pé nínú obìnrin 350 tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbúrọ́ìdì fún, ọ̀kan lè ní jẹjẹrẹ tó fara pamọ́. Bí ẹ̀rọ bá lọ irú èyí, ó lè fọ́n ọn ká.

Nítorí náà mi ò lè sọ pé ewu ò sí rárá. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ọdún 2015 lórí èèyàn 2,034 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ pancreas (ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ) fún, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ lára wọn fún àyẹ̀wò lo nǹkan bí oṣù 22 sí i láyé, àwọn yòókù lo 15. Bóyá kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló fa àlékún yẹn, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó pa wọ́n.

Èyí tó ń já mi láyà ni kókó tí wọ́n gé ní kílíníkì àdúgbò tí wọ́n sì dà nù láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: láàbù wo lẹ ń gbé ẹran náà lọ, ọjọ́ wo ni èsì ń jáde?