Àgórísíìmù àti àṣà pàṣípààrọ̀ tìfẹ́tìfẹ́ ní Ìlọrin àti gúúsù Kwárà

Àgórísíìmù jẹ́ ẹ̀ka kan nínú anakísíìmù, ìyẹn èrò àwọn tí wọ́n gbà pé ọmọ ènìyàn lè gbé pọ̀ ní àlàáfíà láìsí ìjọba lórí wọn. Ọjà ni ẹ̀ka yìí fi ṣe ọ̀nà. Ó ní kí àwọn ènìyàn máa rà, kí wọ́n máa tà, kí wọ́n máa yá ara wọn lówó, kí wọ́n sì máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ níbi tí ọwọ́ ìjọba kò dé, títí ìwúlò ìjọba yóò fi máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Samuel Edward Konkin III (1947–2004), tí wọ́n bí ní Saskatchewan ní Kánádà, tó sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló dá èrò náà sílẹ̀.

Orúkọ yìí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu ará ọjà ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán. Àmọ́ púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tí èrò náà ń tọ́ka sí ti wà lọ́wọ́ wọn tipẹ́: èésú, àjọ, àáró, ọ̀wẹ̀ àti àwìn. Lórí àwọn wọ̀nyí, pàápàá èésú, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé jù.

Èrò Konkin

Konkin tẹ ìwé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1980. Kò gbà pé ìdìbò lè tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ó sì ta ko Libertarian Party, ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1971. Ọ̀dọ̀ Ludwig von Mises àti Murray Rothbard, onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, ló ti mú ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Rothbard fúnra rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ìlànà náà. Àwọn tó tẹ̀ lé e máa ń fi àwọ̀ pín ọjà. Funfun ni ọjà tí òfin gbà, tí a sì ń san owó orí lé. Aláwọ̀ eérú ni ti ohun tí kò léèwọ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ tí à ń tà láìgba ìwé àṣẹ. Dúdú ni ti ohun tí òfin kà léèwọ̀. Pupa ni ti olè àti ìwà ipá, Konkin kò sì fara mọ́ èyí rárá, nítorí ohun tí a bá fi ipá gbà kúrò ní pàṣípààrọ̀.

Èésú

Samuel Johnson ṣàpèjúwe èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sì kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Ká ní obìnrin mẹ́wàá tó ń ta ata ní ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin fẹnu kò láti máa dá ₦5,000 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a, ₦50,000 ló wà nílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì kó o. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kan ẹlòmíràn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá bá fi pé, kálukú ti dá ₦50,000, ó sì ti kó ₦50,000, láìsí èlé lórí rẹ̀.

Lójú ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹni tó kọ́kọ́ kó ti yá owó lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án yòókù, ẹni tó kó kẹ́yìn sì ti fi owó tirẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ wọn. Àwọn tó wà láàárín ṣe méjèèjì. Ìdí nìyí tí ètò ta ló máa kó ṣáájú fi gba ọgbọ́n ju owó dídá fúnra rẹ̀ lọ. Olórí èésú ló ń ṣe ètò náà. Wọn kì í sáà fi ẹni tí wọn kò tíì mọ ìwà rẹ̀ síwájú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọlé ìwé tàbí tí ìnáwó já lù lè bẹ̀bẹ̀ kí ẹnì kan bá a pààrọ̀ ipò. Ẹni tó bá mú ènìyàn wọ inú èésú ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí onítọ̀hún kò bá dá mọ́ lẹ́yìn tó ti kó, ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ, kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé. Ìtìjú yẹn àti pé kò ní rí èésú mìíràn wọ̀ lọ́jà náà ló ń ṣe iṣẹ́ tí ilé ẹjọ́ ì bá ṣe.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ka èlé sí èèwọ̀, ìlú Ìlọrin sì jẹ́ ìlú àlùfáà. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tó mú èésú rinlẹ̀ níbẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí oníṣòwò rí owó tó tóbi lẹ́ẹ̀kan náà láìyá owó elélèé.

Àjọ alájọ

Alájọ a máa rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lójoojúmọ́. Ó ń gba iye kan náà lọ́wọ́ oníbàárà, á sì fa ìlà sínú ojú kan lórí káàdì tó ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí oṣù bá parí, oníbàárà gba owó rẹ̀, owó ọjọ́ kan sì di ti alájọ. Ẹni tó bá dá ₦500 fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò gba ₦14,500. Àwọn onímọ̀ kan rí i bí ẹni pé òtòṣì ló ń sanwó kí wọ́n tó bá a tọ́jú owó, àmọ́ ohun tó ń rà yé e: kí ẹnì kan wá bá a nídìí ọjà, kí owó náà má sì sùn sílé níbi tí àìní á ti jẹ ẹ́. Ibi tí àjọ ti burú ni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo owó wà. Bí alájọ bá sá lọ, àtirí i mú di ogun.

Àáró àti ọ̀wẹ̀

Láàárín àwọn àgbẹ̀ Ìgbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti Èkìtì ní gúúsù Kwárà, iṣẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀. Nínú àáró, àwọn tí agbára wọn dọ́gba á péjọ, wọn á kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, wọn á bọ́ sí ti ẹlòmíràn lọ́la, títí á fi kárí. Olóko ló ń bọ́ wọn lọ́jọ́ tirẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá á fi àbúrò tàbí ọmọ rẹ̀ rọ́pò, nítorí gbèsè ni iṣẹ́ ọjọ́ náà jẹ́. Ti ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá ló ń bẹ ọ̀rẹ́ àti ará, ó ń fún wọn ní oúnjẹ, ẹnikẹ́ni kì í sì ṣírò ọjọ́ tí yóò san án padà. Ọ̀wẹ̀ àna, tí ọkọ ìyàwó ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sóko bàbá ìyàwó, gbajúmọ̀ láyé àtijọ́.

Ẹni tó bá ń wá ohun tó jọ àáró nínú ìtàn anakísíìmù, kí ó fi Konkin sílẹ̀, kí ó wo Josiah Warren. Láti 1827 sí 1830, Warren ṣí ilé ìtajà kan ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà, ó sì gbé aago kọ́ níbẹ̀ láti fi mọ àkókò tó lò lórí oníbàárà. Oníbàárà á san iye tí ọjà náà náni, á tún fi díẹ̀ sí i fún ìnáwó ilé ìtajà. Àkókò tí Warren fi dá a lóhùn, ìwé ìlérí iṣẹ́ ló fi ń san án: pé òun náà yóò fi irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún Warren.

Ìnájà àti èènì

Iye tí à ń ná ọjà kì í ti òkè wá. Olùtà dá a lé, olùrà já a, wọ́n sì pàdé níbì kan. Èènì tí olùtà bù lé e ni yóò mú oníbàárà padà wá. Àwọn àgbà tún máa ń sọ pé láyé àtijọ́, ènìyàn a máa pàtẹ igi ìdáná tàbí èso sẹ́bàá ọ̀nà oko, á kó òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ láti fi iye rẹ̀ hàn, á sì bá ìṣe rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ á mú ọjà, á fi owó sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti yà

Àwọn tó ń ṣe èésú kò pe ara wọn ní ọ̀tá ìjọba, ọjà wọn kò sì ṣàìní aláṣẹ. Ìyálọ́jà ń parí ìjà, olórí ẹgbẹ́ ń dá ọjọ́ ìpàdé, mágàjí, olórí agbo ilé, sì wà nílé fún ẹjọ́ tó bá ju ti ọjà lọ. Ẹni tó gba anakísíìmù gbọ́ lè sọ pé àṣẹ wọ̀nyí kò ní ọlọ́pàá lẹ́yìn. Òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ilé bàbá rẹ̀ lẹ́nu mọ̀ pé kò rọrùn láti jáde níbẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí á fi ìṣọ́ra lo “tìfẹ́tìfẹ́” fún gbogbo rẹ̀.

Sam Mbah àti I. E. Igariwey, ọmọ Nàìjíríà méjì, kọ̀wé ní 1997 pé àwùjọ Áfíríkà àtijọ́ ní àbùdá anakísíìmù nínú. Ìní àjùmọ̀ni àti ìjàkadì òṣìṣẹ́ ni wọ́n gbé ga. Wọn kò fi ọjà ṣe ọ̀nà bí Konkin ṣe fi ṣe é.

Ìjọba àti àwọn àṣà wọ̀nyí

Royal Niger Company, iléeṣẹ́ oníṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897. Òfin owó orí ti Àríwá Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní 1906. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin tó ń fi orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ lábẹ́ alábòójútó. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ tó ní ìwé ìjọba àti èésú tí kò ní ti ń rìn pọ̀, tí ẹnì kan náà sì lè wà nínú méjèèjì. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú pẹ̀lú ti ṣe ohun tí à ń retí lọ́wọ́ ìjọba: Offa Descendants’ Union ló dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Lóde òní, àwọn ará àdúgbò a máa dáwó ra ẹ̀rọ amúnáwá ńlá tàbí tún kòtò ṣe. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì fún ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà ọjà wọn kò bọ́ pátápátá sínú àwọ̀ kan nínú ìpín Konkin.

Nígbà tí owó bébà wọ́n káàkiri Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, lẹ́yìn tí báńkì àpapọ̀ pààrọ̀ owó náírà, àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ àwọn oní-POS. Àwìn láàárín ẹni tó mọra wọn tún di ohun tí à ń gbára lé.

Lórí fóònù

Èésú ti wọ orí WhatsApp. Owó ń lọ láti báńkì sí báńkì, àlẹ́ẹ̀tì sì ti gba ipò káàdì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Onígbọ̀wọ́ kò tíì kúrò níbẹ̀. Ti owó crypto, tí àwọn ọmọlẹ́yìn Konkin fẹ́ràn púpọ̀, báńkì àpapọ̀ pàṣẹ ní oṣù kejì 2021 pé kí báńkì má ṣe bá a da nǹkan pọ̀. Ó tú àṣẹ náà ká ní oṣù Kejìlá 2023.