Kí ẹ tó pariwo fáírọ́ọ̀sì, ẹ tẹ Ctrl àti Z

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló gbé pírójẹ́ẹ̀tì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá àwọn tò ó, Enter ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi wá ojú ìwé tuntun. Wọ́n á tẹ Enter, wọ́n á tún un tẹ̀, títí tí ọ̀pá tó ń ṣẹ́jú yẹn yóò fi bọ́ sí ojú ìwé kejì. Tí olùkọ́ bá wá ní kí wọ́n fi ìlà méjì péré kún orí kìíní, gbogbo orí kejì á sún kúrò láyè rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ctrl àti Enter ni. Ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kódà tí ẹ bá fi ogún ìlà kún èyí tó ṣáájú, orí kejì á ṣì bẹ̀rẹ̀ lókè ojú ìwé tirẹ̀. Ctrl àti E ló sì ń gbé àkọlé sí àárín, kì í ṣe bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá nínú Word, ẹ tẹ 1ECD, kí ẹ tẹ Alt àti X tẹ̀ lé e, ọ á jáde. 1EB9 ni ti ẹ, 1E63 ni ti ṣ. Kò sí àwáwí mọ́ fún ẹni tó ń kọ "oko" nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni Ctrl àti Z. Ẹ wo kíbọ́ọ̀dù yín: Z, X, C àti V tò tẹ̀ léra ní ìlà ìsàlẹ̀ lápá òsì, Ctrl sì wà nítòsí wọn, kí ọwọ́ òsì lè máa tẹ̀ wọ́n láìjẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí máòsì. Tọmọdé tàgbà ló mọ Ctrl àti C tó ń ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀, àti Ctrl àti V tó ń lẹ ẹ̀dà náà síbòmíràn. Z yìí ló ń dá ohun tí ẹ ṣe kẹ́yìn padà sí bó ṣe wà. Ẹ tún un tẹ̀, á dá èyí tó ṣáájú rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa rìn padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Bí ẹ bá padà kọjá ibi tí ẹ fẹ́, Ctrl àti Y á mú yín bọ̀ síwájú. Gbólóhùn tí ẹ pa rẹ́, tébù tí ẹ bà jẹ́, àwòrán tí ẹ fà tí gbogbo ọ̀rọ̀ sì fọ́n ká, Z ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: nínú Word, bí ẹ tilẹ̀ ti fi Ctrl àti S séèfù àṣìṣe náà, Z ṣì lè dá a padà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá tíì pa fáìlì náà dé. Ìgbà tí ẹ bá pa á dé ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó há sórí yẹn máa ń lọ.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹnjiníà kọ̀ǹpútà ládùúgbò ni kò mọ èyí. Àwọn náà ló ń kọ́ aráàlú pé kí wọ́n máa tẹ F5 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ̀rọ lè yára. Irọ́ ni. F5 kàn ń tún àwọn àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tò ni, kò fi nǹkan kan kún agbára rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń fà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí, ẹ ó sì fojú ara yín rí ohun tó ń jẹ ẹ́ lágbára.

Irú ẹnjiníà bẹ́ẹ̀ ló ba ọmọbìnrin kan láyé jẹ́. Ìyá rẹ̀ ló mú un wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ojú ọmọ ti wú. Pírójẹ́ẹ̀tì ojú ìwé mọ́kànléláàádọ́rin, Mọ́ńdè ló sì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ó fẹ́ pààrọ̀ irú lẹ́tà tó lò, ó tẹ Ctrl àti A láti mú gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo iṣẹ́ dúdú. Bí nǹkan bá dúdú báyẹn, lẹ́tà tí ọwọ́ yín bá kàn ló máa rọ́pò gbogbo rẹ̀. Bó ṣe ń nawọ́ sí máòsì, ìka rẹ̀ kan k. Ojú ìwé funfun àti k kan ṣoṣo ló kù.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ ló figbe ta: "Fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́! Tètè séèfù, kó o pa á dé, kó o yọ fíláàṣì rẹ kúrò lára ẹ̀rọ mi!" Ọmọ náà ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Mo ṣí fíláàṣì náà, k yẹn nìkan ni mo bá. Mo wá gbogbo ibi tó yẹ kí n wá, kò sí ẹ̀dà mìíràn.

"Ọ̀gá, ṣé kò lè jáde mọ́ ni?"

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé bọ́tìnnì méjì péré ni ì bá tẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ bébà tí olùkọ́ rẹ̀ ti fi báírò pupa ṣàtúnṣe sí, ó wà nínú báàgì rẹ̀. Èmi àtàwọn ọmọṣẹ́ mi méjì pín in, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ látorí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó fa àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá ti parí ìpínrọ̀ kan, á na ọwọ́ kọjá iwájú mi, á sì tẹ Ctrl àti S fúnra rẹ̀.