Kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni «Johnny B. Goode» ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ ju kọ́ọ̀dù lọ

Ẹni tó bá ti ń kọ́ gìtá fún bí oṣù mẹ́ta, ẹnìkan á ti sọ fún un pé kó lọ mú «Johnny B. Goode», nítorí kọ́ọ̀dù (àwọn ohùn tí à ń ta pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) mẹ́ta péré ni. Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nílẹ̀. Ẹ pa á lónìí, á tún yọjú lọ́la: «Kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré, ọ̀sán ọjọ́ kan ti tó o.» Akẹ́kọ̀ọ́ á gbà á gbọ́, á jókòó tì í, á mọ kọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kílẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n orin náà ò ní jáde. Ohun tí á wá máa rò lọ́kàn ni pé òun ò ní ẹ̀bùn. Ibẹ̀ ló ti ń dun èèyàn, torí kò sí ohun tó ṣe ẹ̀bùn rẹ̀. Ẹni tó júwe ọ̀nà fún un ni kò fi ibi tí òkè wà hàn án.

Ká tètè kúrò lórí èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú. Chuck Berry, olórin rọ́kì-ń-róòlù ará Amẹ́ríkà, ló kọ orin náà, ilé iṣẹ́ Chess ní Chicago ló gbé e jáde ní 1958, orí B♭ ló sì wà, ìyẹn ni pé ohùn B♭ ni ilé rẹ̀. Kọ́ọ̀dù rẹ̀ ni B♭, E♭ àti F, wọ́n sì tò ó sínú báà méjìlá (bíìtì mẹ́rin ló wà nínú báà kọ̀ọ̀kan): B♭ fún báà mẹ́rin, E♭ fún méjì, B♭ fún méjì, F fún méjì, B♭ fún méjì tó kẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ báà kẹwàá dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìwé kọ́ọ̀dù orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń kọ E♭ síbẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ búlúùsì ló ń lọ bẹ́ẹ̀. Nínú àwo yìí, F ni wọ́n dúró lé fún báà méjèèjì. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa gbọ́ ọ.

Kò wá yẹ kó ṣòro fún wa nílẹ̀ Yorùbá láti mọ̀ pé iye kọ́ọ̀dù kì í sọ bí orin ṣe le tó. Kọ́ọ̀dù méjì tàbí mẹ́ta lè gbé jùjú láti ìgbà tí olórin ti ń kí olóde títí wọ́n fi ń ná owó tán. Ta ló wá máa jókòó síbẹ̀ kó ní ohun tí gìtá tẹ́nọ̀ ń ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé rọrùn? Ohùn díẹ̀ kan náà ló ń ta láìdáwọ́ dúró, bó bá sì fi ìdajì bíìtì yẹ̀, àwọn onílù á yíjú wò ó. Irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni Chuck Berry gbé sórí gìtá.

Ọwọ́ tó ń ta okùn niṣẹ́ wà. Àwo náà ń sáré ní nǹkan bíi bíìtì 168 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ẹ̀mejì la sì ń ta okùn nínú bíìtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò ó: ìgbà 336 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan, ó lé ní márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Báà méjìlá jẹ́ bíìtì 48, ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 17, ìgbà 96 lẹ máa ta okùn nínú rẹ̀. Orin náà yí báà méjìlá yìí po nígbà mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìdí orin, ìyẹn ìró tó ń gbé orin ró lábẹ́ ohùn olórin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin á ta okùn ju ìgbà 860 lọ láàárín àsìkò tí kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló tún máa ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ títa sísàlẹ̀, torí títa sókè máa ń fẹ́lẹ́, okùn tínrín ló sì kọ́kọ́ máa ń kàn, nígbà tó jẹ́ pé orí okùn tó nípọn ni ìdí orin yìí wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́ta ò tíì ní apá tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá fi máa dé báà kẹfà tàbí ìkẹjọ, èjìká á ti gòkè, ìgúnpá á ti le, píìkì tí a fi ń ta okùn á ti wọnú okùn jù, gbogbo ìró á wá máa ha mọ́ ara wọn. Nǹkan méjì ló sábà ń fà á. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnu píìkì tó yọ síta ti pọ̀ jù. Mìlímítà mẹ́ta ti tó. Èkejì ni pé ọwọ́ ń rìn jìnnà jù. Okùn méjì péré lẹ fẹ́ ta. Bí píìkì bá ti kọjá okùn méjì yẹn, kó dúró sórí okùn tó tẹ̀ lé wọn, kó padà sókè látibẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ni kó máa mì, ìgúnpá ò níṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ tún fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan okùn díẹ̀ níbi tó ti ń jáde lórí bíríìjì tó gbé okùn dúró lára gìtá, kí ìró lè kúrú. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, okùn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́, á kàn máa dún bí ìgbà téèyàn ń kan pákó.

Síbẹ̀, èèyàn lè ṣe gbogbo èyí kí orin náà má tíì jọ ara rẹ̀. Ohun tí n kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni bí a ṣe ń pín bíìtì, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró sí díẹ̀.

Ọ̀nà méjì la lè gbà pín in. A lè pín bíìtì sí méjì tó dọ́gba: ta-ta, ta-ta, ta-ta. A sì lè jẹ́ kí àkọ́kọ́ gùn, kí èkejì kúrú, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń tiro: táà-ta, táà-ta, bí ẹni pín bíìtì sọ́nà mẹ́ta tó wá fún àkọ́kọ́ ní méjì. Búlúùsì àti jáàsì tó ṣáájú rọ́kì-ń-róòlù, títiro ló pọ̀ jù nínú wọn. Gìtá Chuck Berry nínú àwo yìí ò tiro, ó pín in dọ́gba. Ṣùgbọ́n inú búlúùsì àti jáàsì ni Fred Below tó ń lulù lẹ́yìn rẹ̀ ti wá, ìlù tirẹ̀ ṣì ń tiro díẹ̀. Gìtá ń sọ ta-ta, ìlù ń dá a lóhùn ní táà-ta, kò sí èyí tó gbà fún èkejì. Fífà-kí-n-fà yìí ló ń ti orin náà síwájú tó fi ń dà bíi pé ó fẹ́ já sílẹ̀, tí kì í já.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fetí sí ìlù nìkan, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Orin á wá di búlúùsì tó ń sáré. Bó bá pín in dọ́gba àmọ́ tó ń ta gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú agbára kan náà, á máa dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọwọ́ ní láti wúwo díẹ̀ ní bíìtì kejì àti ìkẹrin, níbi tí ìlù ti ń dáhùn, kó fúyẹ́ ní ìyókù.

Bẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì pé ìpín bíìtì lè tó báyìí, ẹ lọ gbọ́ «Ain't That Just Like a Woman» tí Louis Jordan ṣe ní 1946. Carl Hogan ló fi gìtá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohun tó ta níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohùn tí «Johnny B. Goode» fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méjìlá lẹ́yìn náà. Berry fúnra rẹ̀ ò fi Hogan pamọ́. Ti Hogan ń tiro, ti Berry ò tiro. Ohùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, orin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé tó bá kọ nọ́ńbà fret (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí ọrùn gìtá tí a ń tẹ okùn sẹ́yìn wọn) nìkan fún yín ti gbàgbé ìdajì orin náà.

Ó ku ọwọ́ òsì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń gbé orin náà lọ sórí A, mi ò bá wọn jà, torí pé lórí A, okùn tí a ò tẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀dù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: okùn karùn-ún (èyí tó tínrín jù là ń pè ní ìkíní) fún A, ìkẹrin fún D, ìkẹfà fún E. Ìka méjì ti tó. Ìṣòro ni pé wọn kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn ti sún un kúrò. Ó délé, ó ta á pẹ̀lú àwo, kò bára mu, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí èèkàn gìtá tí kò ṣe ohunkóhun. B♭ fi ìdajì ohùn ga ju A lọ. Ẹ de kápò, ohun tí a fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, mọ́ fret 1, ẹ ta á bí ẹni ń ta A, ẹ máa bá àwo mu.

Ẹni tó bá fẹ́ ta á bó ṣe wà láìsí kápò á fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ okùn kẹfà ní fret 6, á fi ìka tí wọ́n ń fi òrùka sí tẹ okùn karùn-ún ní fret 8. Ẹ ta á lẹ́ẹ̀mejì, kí ìka kékeré wá nà dé fret 10 lórí okùn karùn-ún yẹn, ẹ ta á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé e kúrò, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe lọ. Fún E♭, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sórí okùn karùn-ún àti ìkẹrin ní fret kan náà. Fún F, ẹ dúró lórí okùn méjì yẹn, kí ìfábẹ̀lá lọ sí fret 8.

Nínà yẹn kì í ṣe kékeré. Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn ní mìlímítà 648, láti fret 6 dé fret 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 95. Gibson ES-350T tí a mọ̀ mọ́ Berry ní àsìkò náà kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi 597, nínà kan náà á jẹ́ bíi 87 lórí rẹ̀. Ẹ má lọ mú F ní fret 1 okùn kẹfà rárá. Láti ibẹ̀ dé fret 5 jẹ́ mìlímítà 126, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ò lè nà á ní iyára yìí, nígbà tí ti fret 8 ò ju 84 lọ. Ìdí tí B♭ fi wà níbẹ̀ náà kì í ṣe láti fìyà jẹ onígìtá. Ẹgbẹ́ Johnnie Johnson tó ń ta dùùrù ni Berry ti dàgbà sínú iṣẹ́, láti òpin ọdún 1952, B♭ àti E♭ sì jẹ́ ibi tó rọ onídùùrù àti onífèrè lọ́wọ́.

Ní ti ìbẹ̀rẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀, ìfábẹ̀lá ló ń tẹ okùn kìíní àti ìkejì pa pọ̀ ní fret 6, ẹ ó sì ta méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni okùn kẹta. Ní fret 8, ẹ ní láti tì í sókè títí ohùn rẹ̀ á fi bá okùn kejì ní fret 6 dọ́gba. Ẹ ta okùn kejì ná, kí ohùn yẹn wọ̀ yín létí, kẹ́ ẹ tó ti ìkẹta lọ bá a. Ìka òrùka ló ń tì, kí ìka àárín tì í lẹ́yìn. Lórí gìtá iná tó ń lo okùn .009 (ìnípọn okùn kìíní ní ínǹṣì nìyẹn), èyí ṣeé ṣe, torí okùn kẹta ibẹ̀ jẹ́ .016 tí wọn ò wé nǹkan mọ́. Gìtá onípákó tó ń lo .012 yàtọ̀: wọ́n sábà máa ń wé wáyà mọ́ okùn kẹta rẹ̀, ó sì nípọn tó .024. Ẹ má fipá tì í. Ẹ fi ìka yọ̀ láti fret 8 dé fret 10, ohùn kan náà ni.

Ṣé irọ́ wá ni pé orin náà rọrùn? Bí ẹ bá fẹ́ ta á lórí A, ní bíìtì 110, kẹ́ni kan máa kọrin lé e lórí, ẹni tó sọ pé ọ̀sán kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó ti ń lulù tẹ́lẹ̀ tètè mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe rò lọ. Mi ò lè dá iye ọ̀sẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń gbowó lọ́wọ́ yín pé ọjọ́ kan péré lòun máa fi kọ́ yín. Ẹ tún ṣọ́ra fún apá yín: bí inú apá bá ń ta yín, tàbí tí ìka bá ń kú, ẹ gbé gìtá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kẹ́ ẹ parí rẹ̀ kó tó rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti fi orí kunkun sọ ọrùn ọwọ́ di àìsàn oṣù mẹ́fà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní bíìtì 100, láìsí kọ́ọ̀dù rárá. Kí ọwọ́ òsì bo gbogbo okùn kó má lè dún, kí ọwọ́ ọ̀tún máa ta báà méjìlá, ìgbà mẹ́rin tẹ̀ léra. Bí èjìká ò bá gòkè, ẹ fi bíìtì mẹ́rin kún un lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá gòkè, ẹ padà sẹ́yìn. Kẹ́ ẹ tó fi ọwọ́ òsì kan fret kankan, ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹnìkan tó mọ orin náà, kó gbọ́ kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ yẹn lásán, kẹ́ ẹ wá bi í bóyá títiro ló gbọ́ àbí dídọ́gba.