Ọmọ Tó Ń Sùn ní Pálọ̀ Ẹbí Náà Ní Ẹ̀tọ́ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà

“Ẹ̀gbọ́n, a kì í ṣe aláìnílé o. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi la wà.” Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù nìyẹn lẹ́nu àwọn òbí tiwa tí wọ́n bá wá fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba níbí. Owó ilé ti ju agbára wọn lọ, ìyá àtọmọ mẹ́ta wá ń sùn ní pálọ̀. Lójú tiwa, ẹbí ló gba ẹbí sílé. Òfin ò wò ó bẹ́ẹ̀.

Òfin McKinney-Vento, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo ẹ̀kọ́ ọmọ aláìnílé, tí wọ́n ṣe ní 1987, kò mọ sórí ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá. Ó kan ọmọ tó ń bá ẹlòmíràn gbé nítorí pé ilé bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ tàbí owó kò sí, ó kan ẹni tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì nítorí kò ríbi lọ, àti ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀. Ẹ kíyè sí “nítorí” yẹn. Bó bá jẹ́ pé ó kàn wù yín kẹ́ ẹ jọ máa gbé ni, kò kàn yín.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni pé lanlọ́ọ̀dù àbúrò á gbọ́. Òfin ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ ń sùn, bíi ti ìwé èsì rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ gba ọmọ náà lójú ẹsẹ̀, ìbáà má sí ìwé ilé, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ìwé láti ibi tó ti ń bọ̀. Ọmọ á ti jókòó ní kíláàsì kí wọ́n tó wá ìwé kiri. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé bí ẹ bá kó kúrò ládùúgbò, ó lè dúró sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ bí ìyẹn bá ṣe é láǹfààní, kí wọ́n sì wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé e. Ọmọ tí yàrá ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kó tún pàdánù tíṣà kan ṣoṣo tó mọ Olúwáṣeun pè.

Ọmọ tí ìjọba fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní òfin tirẹ̀, ESSA (Every Student Succeeds Act), òfin ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti 2015. Ó jọ èyí: ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ tàbí ìgbàwọlé kíákíá.

Ní tábìlì akọ̀wé ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Òun ló máa ní kẹ́ ẹ lọ mú bíìlì iná wá, kì í sì í ṣe ìkà, wọn ò sọ fún un ni. Ẹ má bá a jà. Ẹ ní McKinney-Vento liaison lẹ fẹ́ rí, ìyẹn ẹni tí wọ́n yàn láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí òfin yìí kàn. Gbogbo àgbègbè ilé ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ ní in. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Títí ẹjọ́ náà á fi parí, inú kíláàsì lọmọ gbọ́dọ̀ wà.