Àsọtẹ́lẹ̀ ìgbì ọ̀nà jíjìn ní etíkun Èkó

Àsọtẹ́lẹ̀ ìgbì ọ̀nà jíjìn ni iṣẹ́ síṣírò bí ìgbì tí ìjì dá sílẹ̀ lókèèrè yóò ṣe ga tó, ibi tí yóò gbà wá àti ìgbà tí yóò gúnlẹ̀. Irú ìgbì yìí ló ń lu etíkun Èkó láti Tarkwa Bay dé Lekki, kódà lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́. Agbára rẹ̀ máa ń tán kó tó wọ inú ọ̀sà, nítorí náà Marina àti Èbúté Mẹ́ta kì í sábà mọ̀ ọ́n lára. Àwọn atukọ̀ tó ń gba ẹnu odò wọlé lọ sí Àpápá ló ń bá a pàdé.

Orísun

Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì wá, pàápàá láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, tí òtútù mú lápá ibẹ̀ tí ìjì sì pọ̀. Lójú ibú, ìgbì tí ìṣẹ́jú àáyá 15 wà láàrin orí rẹ̀ kan sí èkejì ń rin nǹkan bí 1,000 kìlómítà lóòjọ́; èyí tó jẹ́ 20 ń rin nǹkan bí 1,300, òun ló sì máa ń ṣáájú dé.

Pípa ìwọ̀n pọ̀ mọ́ ìṣirò

Ètò kọ̀ǹpútà bíi WAM àti WAVEWATCH III ń fi atẹ́gùn ṣírò ìgbì. Bí atẹ́gùn tí a fún wọn bá rọ̀ ju ti òdodo lọ, ìgbì tí yóò dé Èkó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan yóò kéré nínú ìṣirò. Ìwọ̀n láti ojú òkun ni a fi ń tún un ṣe. A kì í tìtorí ìwọ̀n da ìṣirò nù, a kì í sì í gba ìwọ̀n láìwo ìṣirò: bí àṣìṣe tí a retí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe tó ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò tẹ̀ sí.

ECMWF, àjọ tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ní Yúróòpù, ti ń lo gíga ìgbì tí rédà sátẹ́láìtì wọ̀n láti ọdún 1993. Ṣùgbọ́n gíga nìkan kò tó. Kò sọ èyí tó jẹ́ ti ìgbì òkèèrè àti èyí tí atẹ́gùn itòsí ń rú. Rédà ayàwòrán, irú ti sátẹ́láìtì ERS-1 (1991) àti Sentinel-1, ń fi ìhà tí ìgbì ń lọ àti bó ṣe gùn tó hàn. Sátẹ́láìtì CFOSAT, tí Ṣáínà àti Faransé jọ gbé sókè ní 2018, ń wọn gíga àti ìhà pọ̀.

Ìgbì òkèèrè ló ń jèrè àtúnṣe yìí jù. Bí a bá tún ìgbì atẹ́gùn ṣe, atẹ́gùn inú ètò náà yóò tún bà á jẹ́ láàrin wákàtí díẹ̀. Ìgbì òkèèrè kì í pàdánù agbára púpọ̀ lójú ibú, nítorí náà àtúnṣe tí a ṣe nítòsí ìjì lè bá a rìn fún ọjọ́ púpọ̀.

Ní etíkun

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Victoria Island, ó sì gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn. Gíga ìgbì nìkan kọ́ ló ń pinnu irú èyí. Kíkún òkun àti ìrísí etíkun wà níbẹ̀. Ètò tó kárí ayé kò rí kúlẹ̀kúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn, SWAN, ni a sábà máa ń lò fún omi tí kò jìn. Ó nílò ìwọ̀n ìjìn omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nítorí ìgbì ń ti iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn, ògiri òkúta ẹnu odò Èkó sì ń dá a dúró.