Títo fíìmù ààyò àti àríyànjiyàn owó sinimá ní Ìbàdàn

Títo fíìmù ààyò ni kí èèyàn kó gbogbo fíìmù tó ti wò jọ lọ́kàn, kó mú èyí tó fẹ́ràn jù síwájú, kó fi èyí tó tẹ̀lé e sẹ́yìn ẹ̀, títí dé ibi tó bá wù ú, àwọn kan máa ń dúró sí márùn-ún, àwọn mìíràn á ní àfi mẹ́wàá. Ní Ìbàdàn, eré yìí kì í dá rìn. Bọ́ksì ọ́fíìsì, ìyẹn àpapọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì tí fíìmù kan pa ní sinimá, máa ń tẹ̀lé e bí òjìji, torí bí ẹnì kan bá ti lanu pé fíìmù báyìí ló dáa jù, ẹnìkejì á ti bi í pé "èló ló pa?" Wọ́n ń fà á ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹrun, ní họ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Póli, nídìí bẹ́ǹṣì mẹkáníìkì, níwájú àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn níbi tí èèyàn ti ń dúró kà á láìrà á, àti lórí WhatsApp.

Ìbéèrè méjì ló wà nínú ẹ̀ o, bí wọ́n tiẹ̀ máa ń pò ó pọ̀: fíìmù wo ni mo fẹ́ràn, àti fíìmù wo ló pawó. Èkejì ní nọ́ńbà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé òun ló lágbára jù, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ò ka gbogbo ojú tó wo fíìmù, pàápàá ní ìlú bí Ìbàdàn níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti wo fíìmù tó wà lókè lísìtì wọn láìgba ẹnu ọ̀nà sinimá kankan kọjá.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó

Kò sófin. Àwọn àgbà sábà máa ń wo èdè: ṣé òwe tí òṣèré yẹn pa bọ́ sí ibi tó yẹ, ṣé ó lè pe ọfọ̀ láìkọsẹ̀, ṣé kò kàn ń fi Yorùbá túmọ̀ èèbó. Àwọn ọ̀dọ́ ń wo kámẹ́rà, ìró, aṣọ àti bí wọ́n ṣe ja ìjà inú ẹ̀. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé iye ìgbà tí wọ́n ti tún fíìmù náà wò ni wọ́n ń kà, èyí ló sì jọ pé ó ṣeé gbára lé jù, àbí ta ló máa purọ́ fún ara ẹ̀ nípa fíìmù tó ti wò lẹ́ẹ̀méje?

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, IMDb àti Letterboxd, ìkànnì tí èèyàn ti ń fún fíìmù ní máàkì, ni àwọn olólùfẹ́ fíìmù ń lò jù. Nínú lísìtì fíìmù 250 tó dáa jù tí IMDb ń gbé jáde, kì í kàn ṣàròpọ̀ máàkì kó sì pín in fún iye èèyàn, ó máa ń fa fíìmù tí èèyàn díẹ̀ dìbò fún sún mọ́ máàkì àárín gbùngbùn títí ìbò fi máa pọ̀. Ká ní máàkì àárín jẹ́ 6, kí wọ́n sì ka ìbò 100 tó jẹ́ 6 yẹn mọ́ fíìmù kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Fíìmù tí èèyàn 10 fún ní 9.5 á bọ́ sí nǹkan bíi 6.3, èyí tí èèyàn 2,000 fún ní 8 á dúró sí 7.9. Ohun tó dé nìyí tí ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí gbogbo àdúgbò ń pariwo ò fi lè gòkè níbẹ̀: àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ò sí níbi tí wọ́n ti ń dìbò.

Àwọn alárìíwísí náà ní tiwọn. Ìwé ìròyìn Sight and Sound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń bi wọ́n léèrè fíìmù tó dáa jù ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá láti 1952, Citizen Kane ló wà lókè láti 1962 títí dé 2002, Vertigo gbà á ní 2012, Jeanne Dielman ti Chantal Akerman, fíìmù 1975, wá gbà á ní 2022. Kò sí èyí tó kan owó nínú wọn.

Ìgbà tí kò sí ẹni tó ń ka tíkẹ́ẹ̀tì

Sinimá kì í ṣe tuntun ní Ìbàdàn. Scala àti Odeon ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà, fíìmù Índíà, ti àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń fò jà, àti ti kóbọ́ì ni wọ́n ń lọ wò jù. Tẹlifíṣọ̀n náà tètè dé, WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti mọ ojú ọ̀pọ̀ eléré orí ìtàgé, Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá wà lára wọn. Nítorí náà nígbà tí àwọn eléré wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù fún sinimá, èrò ti wà nílẹ̀ dè wọ́n, wọn ò wá a rárá.

Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, Jáíyésinmi tẹ̀lé e ní 1980. Ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ẹni tó ni fíìmù fúnra ẹ̀ ló ń gbé ike fíìmù àti ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, á háyà gbọ̀ngàn tàbí ilé ìwé, àwọn èèyàn ẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbowó kí ẹlòmíì má baà gbé e sá. Ní Ìbàdàn, Cultural Centre ní Mókólá wà lára ibi tí wọ́n ń gbé fíìmù Yorùbá lọ. Owó wọ àpò lóru ọjọ́ yẹn, kò wọ ìwé ibì kankan. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń to àwọn fíìmù tó pawó jù ní Nàìjíríà fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà sinimá móòlù, bíi pé ẹnikẹ́ni ò sanwó wo fíìmù rí kó tó dìgbà náà.

Fíìmù tó yẹ kó wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ bọ́ksì ọ́fíìsì ní ilẹ̀ Yorùbá ni Ọ̀run Móoru, tí Bàbá Sàlá gbé jáde ní 1982, tí Ọlá Balógun darí. Owó gidi ni wọ́n ná sí i, torí fíìmù onike lọ́wọ́n, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́ nígbà yẹn. Kí Bàbá Sàlá tó rí owó ẹ̀ padà, àwọn olè ti dà á kọ sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri, ilé kan tó bá ní fídíò, gbogbo àdúgbò ló máa kó síbẹ̀ wò ó. Bàbá Sàlá jẹ gbèsè, àdánù yẹn sì wà lára ìtàn ayé ẹ̀ títí tó fi papò dà ní Oṣù Kẹwàá 2018. Ẹ wá wò ó, bí a bá fi owó wọ̀n ọ́n, fíìmù tó fọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ìdí tó fi fọ́ gan-an ni pé kò sẹ́ni tí kò fẹ́ wò ó. Kò sí lísìtì owó kankan tó mọ bó ṣe máa kọ ìyẹn sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan le, SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé ṣe, dé ní 1986, owó náírà já wálẹ̀, fíìmù onike kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn ilé sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í tì, àwọn mìíràn di ṣọ́ọ̀ṣì.

Kásẹ́ẹ̀tì àti sídì

Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ lísìtì àwọn ará Ìbàdàn ti wá. VHS ló kọ́kọ́ wà, sídì tẹ̀lé e, àwọn tó ń ta á wà ní Dùgbẹ̀, Ògùnpa àti Ìwó Road, fídíò klọ́ọ̀bù sì wà ní àdúgbò tí èèyàn ti lè yá kásẹ́ẹ̀tì kan, kí gbogbo ará yàrá òkè àti ìsàlẹ̀ wò ó kó tó dá a padà. Mákẹ́tà ló ń sọ iye ẹ̀dà tó tà, kò sì sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ti Olúwa Nilẹ̀ ti 1993 àti Ṣaworoidẹ ti 1999, tí Túndé Kèlání darí, wà lára èyí tí àwọn èèyàn sábà máa ń fi síwájú. Ọmọ Ìbàdàn ló kọ Ṣaworoidẹ, ìyẹn Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Adébáyọ̀ Fálétí tó ti bá WNTV ṣiṣẹ́ ló sì ṣe Òpálábá nínú ẹ̀. Ìtàn ìlú Jogbo yẹn, ọba tó fẹ́ jọba láìmu májẹ̀mú, àwọn tó ń gé igi ìlú tà, àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba, jáde lọ́dún tí àwọn ológun ń gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò sì sẹ́ni tó nílò àlàyé. Títí dòní, bí ìjọba bá ṣe nǹkan tí kò bójú mu, ẹnì kan á kàn dárúkọ Jogbo, ọ̀rọ̀ ti parí. Bá a bá ní ká bi í pé èló ló pa ní sinimá, ìbéèrè yẹn gan-an ò nítumọ̀.

Sinimá inú móòlù àti ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù

Nígbà tí sinimá padà dé, inú móòlù ló wọ̀. Ní Ìbàdàn, èèyàn lè wo fíìmù ní Heritage Mall tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cocoa House ní Dùgbẹ̀, tàbí ní Ventura Mall ní Sàmọ́ńdà, Palms sì dé sí Ring Road ní 2014. Látìgbà sinimá inú móòlù ni nọ́ńbà gidi ti ń jáde, torí kọ̀ǹpútà ló ń gé tíkẹ́ẹ̀tì, alápínká fíìmù sì ń rí i bó ṣe ń lọ. Èkó ló ṣì ní sinimá jù lọ o, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá ní fíìmù kan ló gbapò kìíní ní Nàìjíríà, ohùn Èkó ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Nọ́ńbà tí àwọn èèyàn ń jù síra wọn rèé. The Wedding Party ti 2016 pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 452 náírà. Ọmọ Ghetto: The Saga tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní ìparí 2020 kọjá ẹ̀, ó dé mílíọ̀nù 636, Battle on Buka Street tirẹ̀ náà ní 2022 tún gba ibẹ̀ kọjá. Black Panther: Wakanda Forever ló kọ́kọ́ pa bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá Nàìjíríà, A Tribe Called Judah ti Oṣù Kejìlá 2023 sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó dé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.4. Everybody Loves Jenifa ti 2024 kọjá bílíọ̀nù 1.8. Nínú àwọn tó sọ Yorùbá látòkè délẹ̀, King of Thieves tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní 2022 ni wọ́n máa ń dárúkọ, ó kọjá mílíọ̀nù 300, èyí sì pa àwọn tó ń sọ pé fíìmù Yorùbá ò lè tà ní móòlù lẹ́nu mọ́.

Ibi tó yẹ kéèyàn ti fara balẹ̀ nìyí. Náírà 2016 kì í ṣe náírà 2023. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 1,000 náírà nígbà The Wedding Party, èèyàn 452,000 ló wò ó nìyẹn. Ká ní ó ti di 3,500 nígbà A Tribe Called Judah, bílíọ̀nù 1.4 túmọ̀ sí èèyàn 400,000. Àfiwé lásán ni o, kì í ṣe iye tíkẹ́ẹ̀tì gangan, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé owó lè di ìlọ́po mẹ́ta kí orí má pọ̀ sí i rárá. Bá a bá sì ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, ní nǹkan bíi 305 náírà sí dọ́là ní ìparí 2016 àti nǹkan bíi 900 ní ìparí 2023, méjèèjì bọ́ sí àárín mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Èyí ò sọ pé Fúnkẹ́ Akíndélé ò ṣe bẹbẹ, kéèyàn kó èrò bẹ́ẹ̀ jọ nígbà tí oúnjẹ àti epo ọkọ̀ ti gbówó lórí báyìí lè jẹ́ iṣẹ́ tó tóbi ju ti 2016 lọ. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ to fíìmù sórí owó, iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé ló yẹ kó béèrè. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní wàhálà yìí: Avatar ti 2009 ló wà lókè lágbàáyé pẹ̀lú ohun tó ju bílíọ̀nù 2.9 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣírò ọ̀wọ́n gógó mọ́ ọn, Gone with the Wind ti 1939 ló sábà máa ń gba iwájú.

Ohun mìíràn tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù máa ń gbàgbé ni pé owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó ẹni tó ṣe fíìmù. Ìjọba á yọ VAT, sinimá á mú ìpín tó lè tó ìdajì, alápínká á yọ tiẹ̀, owó ìpolówó á jáde, ìyókù ni ti prodúsà, òun náà á sì fi san gbèsè tó fi ya fíìmù. Nítorí náà "ó ti di olówó bílíọ̀nù" tí wọ́n ń pariwo yẹn, ẹ rọra.

Oṣù Kejìlá ni ogun máa ń le jù, torí gbogbo prodúsà ńlá ló fẹ́ Kérésìmesì, àwọn ọmọ Ìbàdàn tó wà l'Éèkó àti òkè òkun wálé, àwọn ọmọdé wà ní họ́lídè. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń wo Jímọ̀ sí Sọ́ńdè àkọ́kọ́, wọ́n á wá wo ọ̀sẹ̀ kejì: bí owó bá já wálẹ̀ gan-an, ariwo ìpolówó ló gbé e, bí ò bá já, ẹnu àwọn tó ti wò ó ló ń polówó ẹ̀.

Netflix àti YouTube

Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022 àti Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ ní 2023, Netflix ni méjèèjì lọ, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Netflix máa ń pín àpapọ̀ wákàtí tí wọ́n fi wo fíìmù sí gígùn fíìmù náà, ohun tó bá jáde ló ń pè ní iye ìgbà tí wọ́n wò ó. Kò ṣeé fi wé owó náírà, bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ṣì ń fi wé e.

YouTube ló sún mọ́ fídíò klọ́ọ̀bù àtijọ́ jù. Nọ́ńbà wà lábẹ́ fíìmù kọ̀ọ̀kan tí gbogbo èèyàn ń rí, ṣùgbọ́n fóònù kan tí ìyá, ọmọ àti ará ilé kejì gbé sáàárín, ẹ̀ẹ̀kan ló kà á, ẹni tó sì tún un wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lè kà á ní mẹ́ta.